Ìlà Dé Ìlà, Títí x Yóò Fi Jáde

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì JSS 2 kọjá ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré, lásìkò tí olùkọ́ ìṣirò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò ní ṣàì rí ohun kan lára pátákó. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sábẹ́ ara wọn. Èyí tó wà lókè gùn, ó kún fún àmì àti bírákẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tẹ̀ lé e dín díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kúrú lọ títí yóò fi ku lẹ́tà kan lápá òsì àti nọ́ńbà kan lápá ọ̀tún. Àmì ìdọ́gba kò kúrò láàrin ìlà kankan, olùkọ́ tó bá mọṣẹ́ a sì tò wọ́n kí wọ́n ṣe déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló jẹ́ pé ẹ̀rù ni wọ́n fi ń rántí pátákó yìí. Ìyìn ló yẹ kí á máa fi rántí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ọdún méjìlá ti ń kọ́kọ́ pàdé òtítọ́ tí kì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ìyá oníṣu kan to iṣu rẹ̀ sí òkìtì mẹ́rin, iye kan náà ló wà nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò, ó rí mẹ́fà tó ti jẹrà, ó sì jù wọ́n nù. Ó wá ta ìdajì èyí tó kù fún oníbàárà kan tó wá láti Àkúrẹ́, iṣu mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló sì kà fún un. Iṣu mélòó ló wà nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀?

Ìyá náà kò nílò bírò. Bí ìdajì bá jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Bí mẹ́fà bá ti kúrò níbẹ̀, ọgọ́ta ló kó wá sọ́jà. Pín ọgọ́ta sí ọ̀nà mẹ́rin, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó parí. Ọmọ ilé ìwé tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ á kọ ọ́ báyìí:

(4x − 6) ÷ 2 = 27
4x − 6 = 54
4x = 60
x = 15

Ohun tí ìyá fẹnu ṣe gan-an ni ọmọ fi bírò ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe sí x kẹ́yìn, ìyẹn pínpín sí méjì, ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sí i, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin, ni wọ́n tú kẹ́yìn. Bùbá la ń kọ́kọ́ wọ̀ kí a tó gbé agbádá lé e, ṣùgbọ́n agbádá la ń kọ́kọ́ bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ bùbá nígbà tí agbádá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ ni yóò fà ya. Ìdè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tí a fi ń tú u: ìyọkúrò ló ń tú ìròpọ̀, ìròpọ̀ ló ń tú ìyọkúrò, pínpín ló ń tú ìlọ́po. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìdajì kejì ni ọgbọ́n ọjà nìkan kò lè dé. Nínú ìṣirò iṣu yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni x fara hàn, nítorí náà a lè fi ẹ̀yìn rìn títí a ó fi bá a. Bí x bá wà lápá òsì, tó tún wà lápá ọ̀tún ńkọ́? Kò sí iye kan pàtó tí ènìyàn lè dúró lé láti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, nítorí ohun tí à ń wá wà nínú ohun tó yẹ kí á fi wá a. Ẹ wo èyí:

3(x + 4) − 5 = 2x + 16

Nọ́ńbà kan wà tí a kò tíì mọ̀. Wọ́n fi 4 kún un, wọ́n sọ àpapọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n yọ 5 kúrò. Wọ́n tún mú nọ́ńbà kan náà, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n fi 16 kún un. Iye méjèèjì bára mu. Iṣẹ́ ọmọ kíláàsì ni láti wá nọ́ńbà náà jáde láìméfò.

Bírákẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ ṣí. 3 tó wà níta gbọ́dọ̀ kan x, ó sì gbọ́dọ̀ kan 4. Kò gbọdọ̀ kan ọ̀kan kó fo èkejì. Ó di:

3x + 12 − 5 = 2x + 16

Lápá òsì, 12 àti −5 jẹ́ irú kan náà, kò sídìí tí wọ́n fi ní láti máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kó wọn pọ̀:

3x + 7 = 2x + 16

Ibi tí ìgboyà wà nìyí. Ó yọ 2x kúrò lápá méjèèjì. Kò mọ iye tí 2x jẹ́, síbẹ̀ ó yọ ọ́, nítorí ó dá a lójú pé iye yòówù kó jẹ́, iye kan náà ló yọ lọ́tùn-ún àti lósì:

x + 7 = 16

Ó wá yọ 7 kúrò lápá méjèèjì, ó sì kù:

x = 9

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti yọ 2x yẹn. Ọmọ kékeré kan ń fi ohun tí kò mọ̀ ṣe iṣẹ́ láìbẹ̀rù, ó ń kó o, ó ń yọ ọ́, ó ń pa á pọ̀, bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Èyí ló ya áljẹ́brà sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣirò lásán.

Ẹwà kejì fara pamọ́ díẹ̀. Bí a bá fi 9 sípò x nínú ìlà àkọ́kọ́, apá òsì jẹ́ 34, apá ọ̀tún náà jẹ́ 34. Ní ìlà kejì àti ìkẹta, 34 àti 34 náà ni. Ní ìlà kẹrin, 16 àti 16. Ní ìlà ìkẹyìn, 9 àti 9. Iye ń yí padà bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ́gba kò yẹ̀ níbì kankan. Ìlà márààrún ń sọ òtítọ́ kan náà ni, ìlà kọ̀ọ̀kan kàn ń sọ ọ́ kó túbọ̀ yéni ju ti òkè rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìbéèrè díẹ̀ nípa òfin tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi kọ́ ọmọ, pé nọ́ńbà tó bá sọdá àmì ìdọ́gba gbọ́dọ̀ yí àmì ara rẹ̀ padà. Òfin náà kò parọ́, ó sì yá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́. Kò sí nọ́ńbà tó sọdá. Wọ́n yọ 7 lósì, wọ́n yọ 7 lọ́tùn-ún. Èyí tó wà lósì parẹ́, èyí tí wọ́n yọ lọ́tùn-ún ni ojú ń rí bíi pé ó sọdá. Ọmọ tó bá mọ òfin nìkan, tí kò mọ ìdí rẹ̀, yóò dé ibi tí 4x = 60 wà, yóò sì kọ x = 60 − 4, nítorí wọ́n ní kó yí àmì padà. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ mọ̀ pé ìlọ́po ló so 4 mọ́ x, pínpín ló sì máa tú u.

Ìdí yìí ti pẹ́ láyé. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Baghdad, kọ ìwé kan ní nǹkan bí ọdún 820 tó ṣe àlàyé iṣẹ́ méjì: kí á fi ohun tí wọ́n yọ lápá kan kún apá méjèèjì, àti kí á yọ irú kan náà tó bá wà lápá méjèèjì kúrò. Lára àkọlé ìwé náà ni ayé ti mú orúkọ áljẹ́brà. Kò sí x níbẹ̀, kò sí àmì ìròpọ̀, kódà ọ̀rọ̀ ló fi kọ nọ́ńbà. Bí ìyá oníṣu ṣe ń ro tirẹ̀ lẹ́nu ló ṣe ń ro tirẹ̀ sínú ìwé. Àmì ìdọ́gba tí à ń lò lónìí kò dé títí di 1557, nígbà tí Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, lò ó nínú ìwé rẹ̀. Ìlà méjì tó gùn bákan náà, tó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ló yàn, ó ní òun kò rí nǹkan méjì tó lè dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà sì ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì. Ní nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Kristi, akọ̀wé kan ní Íjíbítì tó ń jẹ́ Ahmose da ìwé ìṣirò kan kọ. Ìbéèrè kan nínú rẹ̀ lọ báyìí: iye kan wà, bí a bá pín in sí méje, tí a sì fi ìdá kan nínú méje náà kún un, ó di 19, kí ni iye náà? Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n mú 7 bí ẹni pé òun ni ìdáhùn. 7 pẹ̀lú ìdá kan nínú méje rẹ̀ jẹ́ 8. Wọ́n wá bi ara wọn pé ìlọ́po mélòó 8 ni yóò di 19, wọ́n sì fi ìlọ́po yẹn sọ 7 di púpọ̀. Ìdáhùn jẹ́ 16 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ.

British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé Ahmose wà báyìí. Ilé kan náà ni ilẹ̀kùn ààfin Ọgọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wà, èyí tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére tó kú ní nǹkan bí 1938, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley ní 1924. Nígbà tí ilé àkójọ náà fẹ́ ẹ, wọn kò fowó rà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ọgọ̀gà. Ilẹ̀kùn lápá òsì, ìtẹ́ lápá ọ̀tún: kí kálukú fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá àmì ìdọ́gba yẹ láàrin wọn.

Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ mìíràn tún sún mọ́ ohun tí à ń sọ ju ilẹ̀kùn lọ. Ọpọ́n olómorí kan ni, ó wà ní Washington, ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian. Láàrin àwọn ère tó kúnlẹ̀ gbé ọpọ́n náà, orí ènìyàn kan wà nísàlẹ̀ tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí kò sì ṣeé mú jáde. Ara igi kan náà ló ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Kò ti orí náà bọ ibẹ̀. Àárín àwọn ère ló ti gbẹ́ ẹ títí ó fi já kúrò lára igi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ igi tí yóò kọ́kọ́ gé àti èyí tí yóò dá sí di ìgbẹ̀yìn, nítorí ohun tó bá ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà. Irú làákàyè ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Ìsẹ̀ kí ṣọ́ọ̀kì tó débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyọkúrò, tó ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ láyà sókè, kò ṣàjèjì sí ẹnu wa. Ọmọ tó bá pe márùndínláàádọ́ta ti yọ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì kó tó pa ẹnu dé. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. Tún yọ márùn-ún, ó di 45. Bí olùkọ́ bá bo ẹ̀ta náà mọ́lẹ̀, tó kọ ọ́ pé 20x − 10 − 5 = 45, ìdọ́gba onígbèésẹ̀ mélòó kan ló kọ yẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà nínú òǹkà tí ọmọ náà kọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Àlùfáà Adolphus Mann rí i pé ètò òǹkà Yorùbá yẹ ní kíkọ sílẹ̀, ó sì tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí rẹ̀ ní 1887.

Síbẹ̀, ìyọkúrò tó wà lẹ́nu bírákẹ́ẹ̀tì máa ń dá ọmọ dúró. Ẹ wo èyí:

5 − 2(x − 3) = 3

Ọ̀pọ̀ ló máa kọ 5 − 2x − 6 = 3. Wọ́n rántí pé 2 gbọ́dọ̀ kan 3, wọ́n gbàgbé pé kì í ṣe 2 lásán ló wà níta, −2 ni. −2 lọ́nà −3 sì jẹ́ +6. Láti orí àṣìṣe kékeré yìí, gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù lè tọ̀nà porogodo, ọmọ náà á sì dé x = −2 pẹ̀lú ìdánilójú. Ta ni yóò wá sọ fún un pé ó ṣìnà? Ìlà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni. Kó fi −2 sípò x. −2 − 3 jẹ́ −5. −2 lọ́nà −5 jẹ́ 10. 5 àti 10 jẹ́ 15. Ìlà náà sì sọ pé 3 ni. Ó ti bọ́ sódì. Bó bá padà lọ tún un ṣe, 5 − 2x + 6 = 3, 11 − 2x = 3, −2x = −8, x = 4. Kó tún dán an wò: 4 − 3 jẹ́ 1, 2 lọ́nà 1 jẹ́ 2, 5 yọ 2 jẹ́ 3. Ó bọ́ sí i.

Ká ní olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe náà lórí pátákó, bóyá nítorí àárẹ̀ tàbí ìkánjú. Ọmọ kan nawọ́ sókè níwájú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá wa tún ìlà kejì wò.”

“Kí ló ṣe é?”

“Mo fi −2 sípò x, sà. 15 ló fún mi, kò fún mi ní 3.”

Kò sí àfojúdi nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá fẹ́ sọ pé àgbà ṣìṣe gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà mìíràn á kúkú gbé e mì. Níwájú pátákó yìí, ọmọ kò sọ pé olùkọ́ kò mọ̀. 15 àti 3 ló sọ ọ́. Olùkọ́ tó mọ iyì ara rẹ̀ á fi dọ́sítà nù ún, á ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọmọ náà, ẹ̀kọ́ á sì máa bá a lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí ló yẹ kí á fi mọ ẹni tó gbọ́n ní ọjọ́ kan pàtó.

Èkìtì ti jẹ èrè irú ẹ̀kọ́ yìí. Adégòkè Olúbùmmọ̀, ọmọ Orin-Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1923, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní 1955. Òun, Chike Obi àti James Ezeilo ni ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta tó kọ́kọ́ gba irú oyè bẹ́ẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní Ìkẹ́rẹ́, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, tó ti di yunifásítì báyìí, ti ń kọ́ àwọn tí yóò lọ di olùkọ́ láti ọdún náà wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn olùkọ́ náà máa fi kọ ìṣirò sára pátákó, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọmọ bá ṣókùnkùn, Yorùbá ni wọ́n máa fi là á. Kì í ṣe ẹ̀bi. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ nì, Babs Fafunwa, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé kíláàsì kẹfà, ó sì fi hàn pé kò fa ọmọ sẹ́yìn.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ yìn. Nínú ìdánwò WAEC, ìgbésẹ̀ ní máàkì tirẹ̀, ìdáhùn ní tirẹ̀. Ọmọ tó kọ x = 9 lásán lè pàdánù máàkì bó tilẹ̀ tọ̀nà, nígbà tí ọmọ tó ṣi ìròpọ̀ kan ṣe, àmọ́ tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba, á rí nǹkan mú dání. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ìkà ni olùṣèdánwò ń ṣe. Rárá. Ìdáhùn tí kò ní ìlà lókè rẹ̀ lè jẹ́ oríire, ó lè jẹ́ àwòkọ. Ìlà tó wà láàrin ló ń fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀, pé ẹlòmíràn sì lè tọ ọ̀nà náà kó dé ibì kan náà.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí inú kíláàsì. Bí akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá dìde níbi ìpàdé ọdọọdún, tó ka iye owó tó wọlé, tó wá fò láti ibẹ̀ bọ́ sórí iye tó kù, tó fẹ́ jókòó, ẹni tó bá ti tú ìdọ́gba rí ní JSS 2 mọ ohun tí yóò sọ, yóò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ ṣeun, sà. A ti gbọ́ ìlà àkọ́kọ́, a ti gbọ́ ìlà ìkẹyìn. Ẹ dákun, ẹ ka àwọn tó wà láàrin fún wa.”